"Họ́mónù rẹ ló dàrú": èwo nínú wọn?

Lọ́jọ́ ọjà ní Kàbà, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó pàdé ọkọ̀ tí wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ lórí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa to àìsàn sílẹ̀ bí ẹni to iṣu sínú àká: nǹkan oṣù tí kò wá, ikùn tó yọ, ara tó ń gbóná lóru, ọmọ tí a ń wá tí a ò rí, ọkọ tí kò lè ṣe ojúṣe. Bó bá tò ó tán, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò so gbogbo rẹ̀ mọ́: họ́mónù. Ìgò kan ṣoṣo náà ló sì gbé dání fún gbogbo wọn.

Ẹ délé, ẹ ṣí WhatsApp, ó ti ṣáájú yín débẹ̀. Tíì tó ń tún họ́mónù ṣe. Àgúnmu tó ń fọ ilé ọmọ. Àwọn ẹbí tó wà ní Àbújá àti Èkó ló sábà máa ń fi í ránṣẹ́, àwọn gan-an tí a rò pé wọ́n á mọ̀ jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí jẹ̀díjẹ̀dí jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìyàgbà: ẹ̀yìn dun àgbàlagbà, jẹ̀díjẹ̀dí ni, inú kùn, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ọmọdé sọ ṣúgà sẹ́nu, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ń bọ̀ lọ́nà.

Mi ò ní irọ́ ni o. Họ́mónù máa ń dàrú, ó sì lè dí obìnrin lọ́wọ́ oyún. Àmọ́ "họ́mónù rẹ ló dàrú" kì í ṣe orúkọ àìsàn kankan. Bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé "ọkọ̀ yín ló bàjẹ́", tó wá na ọwọ́ gba owó, ẹ ò ní fún un. Ẹ ó bi í pé ibo ló bàjẹ́ nínú ọkọ̀. Họ́mónù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara èèyàn lé ní 50, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Ohun tó sì mú mi kọ èyí ni pé nílẹ̀ Òkun wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bí họ́mónù obìnrin bá dàrú, ilé ọmọ nìkan ni gbogbo wa ń tẹjú mọ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà àrokò débẹ̀. Láyé àtijọ́, ọba lè fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ di àrokò, kó fi rán oníṣẹ́ sí ìlú tó jìn. Oníṣẹ́ á gbé e kọjá láàárín ọjà, kọjá lẹ́nu ibodè, ojú púpọ̀ á rí i. Ẹni tí wọ́n rán an sí nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni họ́mónù. Ẹ̀yà ara kan á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e yí gbogbo ara ká, síbẹ̀ ibi tó ní ohun tí a fi ń gbà á nìkan ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ernest Starling, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ìlú Ọba, ló mú orúkọ náà jáde fáyé gbọ́ ní 1905. Inú èdè Gíríìkì ló ti rí i, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí "èyí tó ń ta nǹkan jí".

Bí àrokò bá máa dá wàhálà sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó rán an kò rán an. Ó lè jẹ́ pé ó rán an jù. Ó sì lè jẹ́ pé àrokò pé, ó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, onítọ̀hún wá kọ etí ikún sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí la máa pẹ́ lórí rẹ̀.

Bí èèyàn bá jẹ iyán tán, iyán náà yóò di ṣúgà, yóò sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní páńkíríàsì. Òun ló máa ń fi ínsúlìnì ránṣẹ́ sí iṣan, ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí ṣúgà wọlé. Frederick Banting àti Charles Best ló yọ ínsúlìnì jáde ní Toronto, ní Kánádà, ní 1921. Ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá lè pèsè ínsúlìnì, wọ́n kàn ń ka ọjọ́ dè é ni.

Ti ọmọkùnrin yẹn, ẹni tó ń rán àrokò ló kú. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá bá gba inú ikùn, tí èèyàn ò rìn mọ́, tó bá tún wá wà nínú ìdílé, iṣan àti ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ínsúlìnì mọ́. Páńkíríàsì ò ní dákẹ́ o. Bí ìyá tó ń pe ọmọ tí kò dáhùn, ńṣe ni yóò máa gbóhùn sókè: ínsúlìnì tó ń rán tẹ́lẹ̀, yóò rán ìlọ́po rẹ̀. Igbe yìí lè mú kí ṣúgà wà ní ìwọ̀n tó dáa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ tí ohùn bá há ni ìtọ̀ ṣúgà wọlé.

Àmọ́ ta ló tún ń gbọ́ igbe náà? Ilé ẹyin obìnrin ni. Etí tirẹ̀ kò di. Nígbà tí iṣan ń ṣe bí adití, ilé ẹyin ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ka àpọ̀jù ínsúlìnì yẹn sí àṣẹ pé kó máa ṣe họ́mónù irú ti ọkùnrin sí i. (Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ lára, kò séèwọ̀ níbẹ̀.) Ẹ̀dọ̀ náà á tún dín èròjà tó máa ń di họ́mónù yìí mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kù, ìwọ̀nba tó wà á wá di aláìnídè. Ẹyin tó yẹ kó gbó lóṣù náà kò ní gbó. Kò ní jáde. Nǹkan oṣù á dé lẹ́yìn ọjọ́ 40, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí kó má tilẹ̀ dé.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ipò yìí nílé ìwòsàn ni PCOS, ìyẹn polycystic ovary syndrome, "àìsàn ilé ẹyin tó ní àpò omi púpọ̀". Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ó wà lára nǹkan bí 8 sí 13, àti pé ó lè tó 70 nínú 100 àwọn tó ní in tí wọn ò mọ̀ rárá. Àwọn dókítà méjì ní Chicago, Irving Stein àti Michael Leventhal, ló kọ nípa obìnrin 7 tó ní in ní 1935. Ohun tí wọ́n rí ni ilé ẹyin tó tóbi, tó kún fún àpò omi kéékèèké, wọ́n sì fi àpò yẹn sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe kókó, kì í ṣe ìjù, kì í ṣe ohun tí a ń gé. Àpò ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tó dúró lójú ọ̀nà ni. Ní 2012, ìgbìmọ̀ kan tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ sọ ọ́ kedere pé orúkọ náà ń darí ojú gba ibòmíì, kí wọ́n wá òmíràn.

Mo mọ ibi tó ń darí ojú wa sí níhìn-ín. Obìnrin á ti ibi síkáànù bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ẹyin rẹ̀ ní àpò púpọ̀. Ó délé, ìyá ọkọ á béèrè, yóò ní wọ́n rí nǹkan ní ilé ẹyin òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnì kan á ti mú oògùn tó ń yọ́ ọ wá. Síkáànù nìkan kò tó láti fi pe èèyàn ní ẹni tó ní PCOS. Ìlànà tí wọ́n ṣe ní Rotterdam ní 2003 béèrè pé kí méjì wà nínú mẹ́ta: kí ẹyin má máa jáde déédéé, kí àmì họ́mónù ọkùnrin pọ̀ lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, kí ilé ẹyin ní àpò púpọ̀. Wọ́n tún ìlànà náà ṣe káàkiri àgbáyé ní 2023: bí àmì méjì àkọ́kọ́ bá ti wà, kò pọn dandan kí wọ́n ṣe síkáànù. Fún ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi síkáànù dá a lẹ́jọ́ rárá, torí ilé ẹyin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ọlọ́dún 16 ni wọ́n ti fi síkáànù dẹ́rù bà?

Àmì tó wà lóde ara ńkọ́? Irun lágbọ̀n, láyà, lábẹ́ ìdodo. Irorẹ́ tí kò lọ kódà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. A máa ń sọ fún obìnrin tó bá hurun pé owó ń bọ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì wá abẹ fá a ní kọ̀rọ̀. Owó lè máa bọ̀ lóòótọ́, kò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́. Àmì tó sì dùn mí jù ni ti ọrùn. Ẹ̀yìn ọrùn á dúdú, á nípọn bí aṣọ àrán, abíyá náà bẹ́ẹ̀. Mo rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n máa ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bo ọrùn láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé.

"Mọ́mì, ó ń ta mí."

"Ìdọ̀tí ni. Ìwọ ò mọ ara fọ̀."

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ínsúlìnì bá pọ̀ jù, ó máa ń mú kí àwọ̀ ibẹ̀ hù jù bó ṣe yẹ. Ọrùn ọmọ yẹn ń sọ̀rọ̀ ṣúgà fún wa, a wá ń fi ọṣẹ pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ má rò pé obìnrin tó sanra nìkan ló wà fún. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà máa ń ní in, òun ló sì máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa fura sí ṣúgà lára ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun kan tún wà tí ẹni tí kò wá ọmọ mọ́ kò gbọdọ̀ fojú kéré. Bí nǹkan oṣù ò bá wá fún ìgbà pípẹ́, tí kì í ṣe oyún, tí kò sì tíì tó àsìkò ìdáwọ́dúró rẹ̀, ara inú ilé ọmọ lè máa nípọn sí i láìsí ohun tó ń fọ̀ ọ́ dànù, ìyẹn sì lè fà jẹjẹrẹ ibẹ̀ wá lẹ́yìn ọ̀la. Bó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Ẹni tó sanra, bí ó bá dín ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ẹyin rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀. Fún obìnrin tó wọn kílò 90, kílò 5 péré lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi ò ní sọ fún ará Òkun pé kó má jẹ iyán, wọn ò ní gbà mí láyè padà sílé. Àmọ́ iyán tí bàbá wa ń jẹ, oko ló ń gbé e lọ. Àwa ń jẹ ẹ́ tán, a ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì ń fi ohun mímu aládùn tì í. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ fi kún ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń tún gbọ́ ínsúlìnì. Òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé a fẹ́ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Oògùn náà wà. Metformin máa ń mú kí ara gbọ́ ohùn ínsúlìnì dáadáa. Àwọn tó máa ń ní "ewé ni tèmi, mi ò gba ti òyìnbó" yóò gbádùn èyí: ewéko kan ní Yúróòpù, Galega officinalis, tí àwọn ará àtijọ́ ń lò, ni ìtàn metformin ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú ewé bẹ́ẹ̀, wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó. Fún ẹni tó ń wá ọmọ, letrozole ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò báyìí láti mú ẹyin jáde. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fi obìnrin 750 tó ní PCOS wé ara wọn: nínú àwọn tó lo letrozole, 27.5 nínú 100 bímọ. Nínú àwọn tó lo clomiphene, oògùn mìíràn tó ń mú ẹyin jáde, 19.1. Clomiphene yìí ni àwọn kẹ́míìsì wa ń tà láìbéèrè ìwé. Obìnrin á lò ó oṣù mẹ́fà, láìmọ̀ bóyá ọ̀nà ẹyin rẹ̀ là, láìyẹ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ wò. Ẹyin lè jáde ní gbogbo oṣù náà kó má rí ẹni bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Oògùn tó ń dín ọ̀rá kù tí ayé ń pariwo, irú semaglutide, àrokò ni òun náà: ó ń fara wé họ́mónù kan tí ìfun máa ń rán lẹ́yìn oúnjẹ pé ó ti tó. Ó ti ń wọ Nàìjíríà, owó rẹ̀ ò sì kéré. Bí ìwọ̀n bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹyin lè jáde láìròtẹ́lẹ̀, àwọn kan sì ti lóyún nígbà tí wọn ò múra. Kò yẹ fún aláboyún. Oṣù méjì kó tó lóyún ló yẹ kí obìnrin ti fi í sílẹ̀.

Ohun tí a ń fi ọwọ́ ara wa fà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde. Àwọn ọmọbìnrin wa ń ra dexamethasone ní kẹ́míìsì láti fi yọ ìdí, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún. Họ́mónù ni wọ́n ń gbé mì. Ó ń ṣe bí èyí tí ara ń tú jáde nígbà ìpayà, ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń da nǹkan oṣù rú, bí wọ́n bá sì dá a dúró lójijì lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ara lè dá kú torí pé ó ti gbàgbé bí a ti ń ṣe tirẹ̀. Ìpara tó ń bóra náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní clobetasol, ìbátan rẹ̀ ni, ó sì ń gba inú àwọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń pa irú ìpara bẹ́ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kò yẹ kó máa wá àjẹ́ tó da họ́mónù rẹ̀ rú.

Kì í ṣe PCOS ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́. Gègé àti họ́mónù ọrùn wà: bó bá lọ sílẹ̀, ara á wúwo, òtútù á máa mú èèyàn, nǹkan oṣù á dàrú, bó bá lọ sókè, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH ló ń fi í hàn. Prolactin wà, họ́mónù omi ọmú. Bó bá pọ̀ lára ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú, nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró, ọmú sì lè máa ṣe omi. Àwọn oògùn kan, títí kan àwọn tí wọ́n ń lò fún àrùn ọpọlọ, lè gbé e sókè. Èyí tó yẹ kí àwọn agbẹ̀bí wa mọ̀ dáadáa ni ti obìnrin tó ya ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dínkù jù, ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ tó ń darí àwọn họ́mónù yòókù lè kú díẹ̀. Omi ọmú kò ní wá, nǹkan oṣù kò ní padà, àárẹ̀ kò ní lọ. Harold Sheehan ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937. Tiwa máa ń gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà. Mi ò bá àdúrà jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n bi í léèrè bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe dà tó lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Àìsàn tó di ọ̀nà ẹyin wà, èyí tí àkóràn fà, ó sì wọ́pọ̀ ní Áfíríkà ju ọ̀rọ̀ họ́mónù lọ nínú ohun tó ń fa àìrọ́mọbí. Ọkùnrin náà wà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn 6, ẹnì kan máa bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé nígbà ayé rẹ̀. Èèyàn ni wọ́n sọ, wọn ò sọ obìnrin. Ọ̀rá ikùn ọkùnrin máa ń sọ họ́mónù ọkùnrin di ti obìnrin. Ẹni tó bá sì lọ gún abẹ́rẹ́ testosterone kó lè lágbára, àtọ̀ rẹ̀ lè gbẹ, torí ọpọlọ á rò pé ó ti tó, á dáwọ́ àrokò dúró. Àwọn ọkọ wa kì í fẹ́ lọ sí àyẹ̀wò àtọ̀. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Ti ìfètòsọ́mọbíbí ò gba ariwo tó pọ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sápá, bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ìbímọ ń padà láìpẹ́. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta máa ń pẹ́: ó lè tó oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí oyún tó wọlé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìpẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní àgàn. Nígbà míì, PCOS ti wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Dókítà tún lè fún ẹni tó ní PCOS tí kò wá ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́ ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí láti tún nǹkan oṣù ṣe. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Àyẹ̀wò wo ló yẹ kéèyàn béèrè? Àwọn ilé àyẹ̀wò máa ń ta "àyẹ̀wò họ́mónù" lódidi, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá wọlé. Owó ńlá máa ń ṣòfò báyìí. FSH àti LH, họ́mónù tí wọ́n fi ń darí ilé ẹyin, láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún nǹkan oṣù ni wọ́n ń gbà á. Progesterone, tó ń sọ bóyá ẹyin jáde, nǹkan bí ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Bí prolactin bá ga díẹ̀, kí wọ́n tún un gbà, torí ìpayà nìkan lè gbé e sókè. Ẹ fi àyẹ̀wò oyún ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà wò láìtíì jẹun: 126 sókè (ní ìwọ̀n mg/dL) ni ti ìtọ̀ ṣúgà bí wọ́n bá tún un ṣe tó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ka 100 sí 125 sí ẹni tó ti ń yà kúrò lọ́nà. HbA1c máa ń sọ ti oṣù méjì mẹ́ta sẹ́yìn, àmì ìtọ̀ ṣúgà ni 6.5 nínú 100 sókè, àmọ́ bí èèyàn bá ní arun ẹ̀jẹ̀ SS tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó lè parọ́. Ẹ wọn ìbàdí, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀gbẹ̀ lè lọ sí ilé ìwòsàn ECWA níbẹ̀. Bó bá gba onímọ̀ họ́mónù gan-an, ó lè di Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, a sì mọ bí ọ̀nà wa ti rí àti ohun tó ń já èèyàn láyà lójú ọ̀nà lóde òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ṣúgà. Àyẹ̀wò ṣúgà kò gba kéèyàn wọkọ̀ lọ sílùú ńlá. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Ìsánlú, Mọ́pà, Ìyàrá, Òdò-Ẹ̀rẹ̀ lè ṣe é bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kékeré yẹn.

Ó ku ti oyún, ibi tí a ti ń gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ká sọ pé gbogbo akitiyan yìí yọrí sí rere, obìnrin náà lóyún. Olùbí, ìyẹn ibi ọmọ, máa ń rán họ́mónù tirẹ̀ tó ń mú kí ara ìyá túbọ̀ di adití sí ínsúlìnì, kí ṣúgà lè tó fún ọmọ. Ẹni tí etí ara rẹ̀ ti di tẹ́lẹ̀ lè ní ìtọ̀ ṣúgà inú oyún. Ṣúgà ìyá á kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ínsúlìnì ìyá kò ní kọjá, ọmọ á wá máa ṣe tirẹ̀ lápọ̀jù, á sì sanra nínú. Wọ́n bí i, ó wọn kílò 4 àti ààbọ̀. Bàbá ọmọ ń yangàn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà ń gbé e lọ́wọ́, wọ́n ń ní "ọmọ yìí wúwo o, kò kéré". Kò sẹ́ni tó bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan.

Bí olùbí bá ti jáde, ṣúgà sábà máa ń wálẹ̀, gbogbo èèyàn á sì túká. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020, tó kó àkọsílẹ̀ obìnrin tó lé ní 1,300,000 jọ, fi hàn pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà inú oyún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 bó ṣe lè ní ìtọ̀ ṣúgà gidi lẹ́yìn ọ̀la ju ẹni tí kò ní in lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ní kí wọ́n tún ṣúgà rẹ̀ wò: kó mu omi ṣúgà gíráàmù 75, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kó tó mu ún àti lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn náà ni wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́yìn náà ni ti ìkẹwàá. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í padánù ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Yóò pọ̀n ọ́n, yóò kó káàdì sápò, yóò sì tò sórí ìlà láti aago méje. Lọ́jọ́ yẹn, kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n bá òun náà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kó má fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ bí kò ṣe omi lásán. Ọmọ nìkan ni kó jẹun lọ́nà.